Àrọ̀ Inú Gíláàsì: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí ní Èkìtì, àti Ìdáhùn Mi

Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, táńkì gíláàsì mẹ́ta ló sì wà ní pálọ̀ mi. Àlejò tó bá wọlé kì í tíì mu omi tí a gbé fún un tán tí yóò fi dìde lọ síbẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò tẹ imú mọ́ gíláàsì. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á pè mí lórí fóònù ní kùtùkùtù pé ẹja àwọn ti da ikùn sókè, kí ni kí àwọn ṣe? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí wọn kà kó tó náwó. Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé yín ṣáájú: nínú gbogbo ẹja tí mo ti rí òkú wọn nílé èèyàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àìsàn pa. Omi ló pa àwọn tó kù. Ẹ tọ́jú omi, omi á bá yín tọ́jú ẹja.

Ṣé àrọ̀ tí a ń fi se ọbẹ̀ náà lẹ fi ń ṣe ọ̀ṣọ́?

Rárá o. Ìbátan ni wọ́n. Ẹbí àrọ̀ gbòòrò: ọ̀bọ̀kún wà níbẹ̀, òjìjí tí í gbọn apẹja bí iná mànàmáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irùngbọ̀n tó yọ lẹ́bàá ẹnu ni ẹ óò fi dá wọn mọ̀, kò sì sí èyí tó ní ìpẹ́ nínú wọn. Àwọn kékeré inú ẹbí náà là ń sìn sínú gíláàsì, mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n.

Corydoras ni mo fẹ́ràn jù. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Egungun pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó to léra bí páànù òrùlé ló fi ṣe ẹ̀wù. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀: àṣíborí ogun, àti awọ ara. Pleco ni ìkejì, èyí tó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Gúúsù Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Ìkẹta ni Synodontis, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, irú rẹ̀ sì wà nínú odò Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wọn wà tó ti agbègbè odò Kóńgò wá, tó jẹ́ pé ikùn ló máa ń kọ sókè tó bá ń wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀ fi dúdú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi mú ọmọ àrọ̀ méjì bọ̀ láti oko ẹja. Ṣé wọ́n lè gbé inú táńkì wa?

Wọ́n lè gbé ibẹ̀ fún bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà wàhálà dé. Àrọ̀ tí a ń sìn fún jíjẹ lè tó kílò kan láàárín nǹkan bí oṣù 6 tí oúnjẹ bá ń wọlé dáadáa. Nínú odò, ó lè gùn ju mítà kan lọ. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ ni yóò gbé mì, títí kan ọmọ ìyá rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, nítorí náà ilẹ̀ gbígbẹ kì í bà á lẹ́rù: tí ìdérí bá ṣí lóru, abẹ́ àga lẹ máa bá a. Tí ẹ bá sì fi sọ́dọ̀ Corydoras, yóò gbé e mì, Corydoras á na ẹ̀gún lẹ́bàá rẹ̀, á há a lọ́fun, àwọn méjèèjì á kú. Ẹ bá ọmọ náà wá dírọ́ọ̀mù kan sí ẹ̀yìnkùlé kó máa sìn wọ́n níbẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, ẹ̀yin náà á rí ẹja jẹ.

Báwo ni táńkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Ẹ má ra èyí tó rí róbótó bí abọ́. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in, iye líta tó gbà lẹ rí yẹn: 54. Ilẹ̀ táńkì ni àwọn ẹja yìí ń gbé, nítorí náà ilẹ̀ tó fẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní ju gíláàsì tó ga fíofío lọ.

Líta omi kan, kílò kan ni. Kílò 54 ló máa wà lórí tábìlì yẹn kí a tó ka gíláàsì àti iyanrìn mọ́ ọn. Mo ti rí tábìlì tẹlifíṣọ̀n tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ táńkì. Ẹ lọ bá káfíńtà kó fi igi gidi kan tábìlì fún yín, kí ẹ sì tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́ sábẹ́ gíláàsì, torí tí ojú tábìlì kò bá tẹ́jú, gíláàsì á là.

Omi wo ni kí n lò? Kànga ló wà ní ilé wa.

Ìbéèrè yìí ló ṣe kókó jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ún.

Kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò ní Adó, ní Ìkéré àti káàkiri. Omi bọ́ọ̀hóòlù mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ọ́síjìn inú rẹ̀ lè kéré, gáàsì carbon dioxide sì lè pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá fà á tán tí ẹ sì dà á lé ẹja lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹja á máa sáré wá sókè wá gba èémí. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ẹ ṣí i sílẹ̀, ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ sí i. Tí kò bá sí pọ́ọ̀ǹpù, ẹ máa dà á láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, bí ẹni tó fẹ́ kí tíì tètè tutù. Tó bá di àárọ̀, ó ti ṣeé lò. Bí omi yín bá sì máa ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì bí irin tó dípẹtà, irin wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tòrò fún ọjọ́ méjì, kí ẹ rọra bu ti òkè lò, kí ẹ sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nù.

Ẹni tó bá ń rí omi ẹ̀rọ lò, kilorínì ni kó ṣọ́ra fún. Ohun tó ń pa kòkòrò inú omi kí àwa lè mu ún náà ló ń bó ẹja níbi tó fi ń mí. Tí ẹ bá ṣí omi náà sílẹ̀ fún wákàtí 24, kilorínì á fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó ń jẹ́ chloramine, kì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀; oògùn apakilorínì tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló ń ká a.

Omi òjò ńkọ́? Ó dára, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èròjà kankan nínú rẹ̀, nítorí náà kíkan rẹ̀ lè yí padà lójijì. Mo máa ń dà á pọ̀ mọ́ omi kànga ní ìdajì-ìdajì. Ẹ má gbe òjò àkọ́rọ̀ rárá: gbogbo eruku tí ọyẹ́ kó sórí páànù láti oṣù Kejìlá ló ń fọ̀ wá sínú agbada yín.

Ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ omi? Ṣé kí n fọ gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò mi kan kó ẹja rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Sátidé kan, ó da omi nù tán, ó fi ọṣẹ fọ gíláàsì títí ó fi ń dán, ó fi omi tuntun kún un. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kò ku ẹyọ kan. Kò sí ohun tó ṣe láìbìkítà, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìmọ́tótó tí a mọ̀ fún abọ́ àti ìkòkò kọ́ ni ti táńkì.

Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ máa bu jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi tí ẹ ti ṣí sílẹ̀ dípò rẹ̀. Rọ́bà gígùn ni kí ẹ fi fà á láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ àti oúnjẹ jíjẹkù kó sí. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi tuntun àti ti táńkì kí ẹ tó dà á: kí wọ́n jọra ní títutù. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá pàdé, a ń san owó lọ wò ó. Nínú gíláàsì, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń pa ẹja.

Kí ló dé tí ẹ fi ní kí n dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí n tó kó ẹja sínú táńkì tuntun?

Nítorí ohun tí ojú kò rí. Ẹja ń yàgbẹ́, ó ń mí, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà. Gbogbo rẹ̀ ń di ámóníà. Ámóníà díẹ̀ ti tó láti jó ẹja níbi tó fi ń mí. Ní odò, omi ń gbé e lọ. Nínú gíláàsì, kò ríbi lọ. Àwọn tó ń gbà wá ni bakitéríà rere méjì tí í gbé inú fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táńkì), lára iyanrìn àti lára òkúta. Àkọ́kọ́ á jẹ ámóníà, á sọ ọ́ di nítíráìtì, májèlé ni ìyẹn náà. Èkejì á jẹ nítíráìtì, á sọ ọ́ di nítírétì, tí ẹja lè fara dà tí kò bá pọ̀ jù. Nítírétì yẹn ni a ń bu dànù tí a bá pààrọ̀ omi.

Bakitéríà wọ̀nyí kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi omi sí táńkì, ẹ tan fílítà, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bí ẹyọ méjì síbẹ̀ lójoojúmọ́ kó máa jẹrà kí wọ́n lè rí ohun jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, wọ́n á ti tó. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ bá ẹni tí táńkì rẹ̀ ti pẹ́ tọrọ fóòmù inú fílítà rẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ìdajì ni. Ẹ gbé e nínú omi rẹ̀, kó má gbẹ lọ́nà. Mo ti gé irú fóòmù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tí a dì í sínú náílọ̀nù bí ìgbà tí a ń di mọ́ínmọ́ín. Òun ni ẹ̀bùn tó dára jù tí ẹni tó ń sin ẹja lè fún ẹnìkejì rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù náà, inú omi tí ẹ bù láti táńkì ni kí ẹ ti fún un. Omi ẹ̀rọ á pa bakitéríà, ọṣẹ á pa ẹja.

Iná kì í dúró ní àdúgbò wa. Báwo ni mo ṣe lè sin ẹja?

A ń sìn ín bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dín iye ẹja kù: táńkì tó lè gba mẹ́wàá tí iná bá wà, ẹ jẹ́ kó gba mẹ́fà. Ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, irú èyí tó ń tan fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tàbí èyí tí sólà kékeré ń gbé. Fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà inú rẹ̀ ni fílítà tó bá wa mu jù. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré ló ń lò, kò sì ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́.

Tí iná bá lọ tí kò sì sí bátìrì, ẹ mú ife, ẹ máa bu omi táńkì, ẹ máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú mélòó kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ yẹn. Ẹja tó dàgbà tó sì lára lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin láìjẹun, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá jẹrà nígbà tí fílítà kú yóò ṣe é.

Ìkìlọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bakitéríà inú fílítà náà ń mí. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ kan gbáko, wọ́n á ti máa kú, omi inú fílítà tó ní ilé tirẹ̀ á sì ti rùn. Ẹ má tan án kó tú ìdọ̀tí yẹn sínú táńkì. Ẹ yọ fóòmù, ẹ fi omi táńkì ṣan án, kí ẹ tó tan án padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi díẹ̀díẹ̀ pààrọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ṣé mo lè fi òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé tẹ́ ìsàlẹ̀?

Ó dùn mí láti sọ èyí, torí ọwọ́ ara mi ló ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tó ń dán ni mo kó sí táńkì mi. Ó rẹwà. Láàárín oṣù méjì, mo ṣàkíyèsí pé Corydoras mi kan kì í wá jẹun mọ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ìwájú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti jẹ tán pátápátá, kùkùté pupa bíńtín-bíńtín ló kù lẹ́bàá ẹnu, bí ẹni pé wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé e. Ó ń ti ẹnu bọ ilẹ̀, ó ń fà á padà kíá, bí ọmọ tí eyín ń dùn. Irùngbọ̀n yẹn ló fi ń tọ́ oúnjẹ wò kó tó jẹ ẹ́, òun ló fi ń rìn lóru. Tí kò bá sí i, ẹja náà ti di afọ́jú lójú oúnjẹ.

Iyanrìn odò tó kúnná ni kí ẹ lò, ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Ẹ óò rí Corydoras tí yóò ki imú bọ inú rẹ̀ dé ojú, tí iyanrìn á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ bí èéfín. Ìgbádùn rẹ̀ nìyẹn. Ti èmi náà hù padà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kó òkúta kúrò, torí irùngbọ̀n máa ń hù tí kò bá jẹ dé gbòǹgbò. Ẹ mọ̀ pé òkúta mímú nìkan kọ́: ilẹ̀ tó dọ̀tí ń jẹ irùngbọ̀n bákan náà.

Òkúta ńlá tí ẹ bá fẹ́ kó sí i fún ẹwà, òkúta akọ tó yí wa ká ní Ìkéré àti Adó dára, kì í yọ́ sínú omi. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà kán ọn. Tó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀, ẹ má lò ó.

Kí ni wọ́n ń jẹ?

Oúnjẹ oníhóró tó ń rì sísàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Èyí tó ń léfòó, ẹja òkè á ti jẹ ẹ́ tán kí ó tó kàn wọ́n. Alẹ́ ni wọ́n ń jẹun, nítorí náà ẹ pa iná táńkì kí ẹ tó jù ú sílẹ̀. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni kí ó jẹ́. Àjẹjù ti pa ẹja ju ebi lọ.

Ẹ fi tanwíjí bọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa sáré. Ẹ má bu ti inú gọ́tà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó mọ́ síta, ẹ fi asẹ́ tíì gbọ́n wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó di ẹ̀fọn, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ lamilámi wà níbẹ̀, torí òun máa ń pa ọmọ ẹja jẹ. Ekòló tí ẹ fọ̀, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, dára pẹ̀lú. Fún pleco: elégédé, kùkúmbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ nínú omi gbígbóná láìsí iyọ̀, kí ẹ so òkúta mọ́ ọn kó lè rì. Ẹ yọ ìyókù ní àárọ̀.

Búrẹ́dì, iyán, ẹ̀bà àti bisikíìtì kì í ṣe oúnjẹ wọn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ àti àlejò.

Ẹni tó ta pleco fún mi ní òun ló máa máa jẹ ìgbẹ́ àwọn yòókù. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Ohun aláwọ̀ ewé tó hù lára gíláàsì ló ń họ jẹ, kì í jẹ ìgbẹ́, òun gan-an sì ń yàgbẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ tún ṣọ́ra: pleco tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lónìí lè di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní ju táńkì lọ, ẹ béèrè Ancistrus, tí kì í sábà ju 15 lọ. Akọ rẹ̀ máa ń hu ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri imú bí ẹ̀ka igi, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní àìsàn ni.

Corydoras mélòó ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀?

Mẹ́fà, irú kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo á máa sápamọ́ sẹ́yìn fílítà títí yóò fi kú.

Corydoras mi máa ń ta sókè pìrì, á gbá afẹ́fẹ́ mì, á tún padà sísàlẹ̀. Ṣé ó ń kú lọ ni?

Rárá. Corydoras lè fi ìfun rẹ̀ gba ọ́síjìn, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣe é léraléra láìsinmi, tàbí tí gbogbo wọn kóra jọ sókè, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi ní kíá, kí ẹ sì yẹ pọ́ọ̀ǹpù wò.

Ọyẹ́ máa ń mú gan-an lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀fọ̀n. Ǹjẹ́ mo nílò hítà?

Corydoras kò kọ omi tó wà láàárín 22 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pleco àti Synodontis fẹ́ 24 sí 27. Ní ọ̀pọ̀ oṣù, pálọ̀ wa ti gbà á. Òru ọyẹ́ ni ìṣòro, torí òkè tútù, ọ̀sán sì tún ń gbóná: yíyí sókè sódò yẹn ló ń dá ẹja lágara. Ẹ gbé táńkì kúrò lójú fèrèsé. Lálẹ́, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè fún afẹ́fẹ́. Táńkì tó tóbi kì í tètè tutù. Tí iná bá ń wà lóru lọ́dọ̀ yín, hítà kékeré dára. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta tí oòrùn bá ń jó, ẹ ṣí ìdérí oníhò sí i, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀, torí omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró.

Mo rí àmì funfun bí iyọ̀ lára ẹja mi. Ṣé kí n da iyọ̀ sí i bí àwọn tó ń sin àrọ̀ ṣe ń ṣe?

Àrùn tí wọ́n ń pè ní ich nìyẹn. Kòkòrò kan ló wọ abẹ́ awọ ẹja, ó ń jẹun níbẹ̀. Tó bá yó, á já bọ́ sílẹ̀, á pín ara rẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì wẹ̀ lọ wá ẹja mìíràn. Ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ kiri yẹn nìkan ni oògùn lè mú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró nígbà tí àmì funfun bá pòórá. Ẹ tẹ̀síwájú fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Tí ẹ bá lè rọra gbé omi dé 28, kòkòrò náà á tètè parí ìyípo rẹ̀, oògùn á sì tètè bá a.

Ní ti iyọ̀, èmi kì í lò ó fún Corydoras. Wọn kò ní ìpẹ́ tó máa bò wọ́n, iyọ̀ tó bá pọ̀ ń ta wọ́n. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ oògùn, pàápàá èyí tó ní bàbà tàbí fọmalínì: ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa wo ẹja.

Àrùn yìí kì í ṣàdédé wọlé. Ẹja tuntun ló ń gbé e wá. Ẹ fi ẹja tuntun sínú agbada tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ó tó bá àwọn tilé pàdé.

Gbogbo ẹja mi kú lóru kan ṣoṣo. Kí ló lè fà á?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n padà ni pé: ṣé ẹ fín oògùn ẹ̀fọn lálẹ́ àná? Mẹ́rin nínú márùn-ún á ní bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn tí í pa ẹ̀fọn àti aáyán, kì í pẹ́ kó tó pa ẹja, pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ sì ni ó ń fà á láti inú yàrá tààrà sínú omi. Èmi náà ti pàdánù táńkì odidi kan bẹ́ẹ̀, nígbà tí àlejò mi fín pálọ̀ kó tó sùn. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín in, ẹ pa pọ́ọ̀ǹpù, ẹ fi aṣọ tútù bo táńkì délẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹ tó ṣí i. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dára jù fún ilé tí ẹja wà. Ìpara ọwọ́ àti ọṣẹ náà ń pa á. Ẹ fi omi lásán ṣan ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó kì í bọ táńkì.

Mo fẹ́ ra ẹja láti Èkó. Báwo ni yóò ṣe dé Èkìtì láàyè?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ́síjìn kún náílọ̀nù, kí ẹ gbé e sínú kúlà tàbí páálí tó ṣókùnkùn, kí ẹja má ti jẹun ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ohun kan wà tí Corydoras lè ṣe: tí ẹ̀rù bá bà á gidigidi, ó lè tú májèlé sínú omi, tí omi náà á máa hó bí ọṣẹ, òun gan-an á kú síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kó wọn sínú abọ́ fún bí ìdajì wákàtí, kó pààrọ̀ omi, kó tó dì wọ́n. Kí wọ́n má sì kó púpọ̀ sínú náílọ̀nù kan.

Tí ẹ bá délé, ẹ gbé náílọ̀nù lé orí omi táńkì fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣí i, ẹ máa bu omi táńkì kún un díẹ̀díẹ̀ fún bí wákàtí kan. Abọ́ ni kí ẹ fi gbé ẹja náà jáde, kì í ṣe àwọ̀n, torí ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ á há sínú àwọ̀n. Ẹ da omi náílọ̀nù nù.

Tí ẹ̀gún bá gún yín lọ́wọ́, ẹ fọ ọ́, ẹ ri ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún bí ìdajì wákàtí. Ìrora á rọlẹ̀. Tó bá wú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ǹjẹ́ ewé ilẹ̀ wa wà tó wúlò nínú táńkì?

Ó wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Igi fúrúùtù tó wà ní àgbàlá ilé ìwé yín, ewé rẹ̀ tó gbẹ tó já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì sí i. Omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì, ara ẹja á balẹ̀, Corydoras á fi ṣe ilé. Ojú oró náà dára lókè omi: ó ń mu nítírétì, ó ń ṣíji bo àwọn tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ kí ìgbín omi má bá a wọlé.

Mo rí ẹyin lára gíláàsì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú oríire! Òjò ló ṣeé ṣe kó fà á. Tí omi tútù díẹ̀ bá wọ táńkì, Corydoras gbà pé àkókò òjò ti dé ní ìlú rẹ̀. Abo á fi lẹbẹ ikùn rẹ̀ méjèèjì ṣe bí ẹni tó kó ọwọ́ jọ gba owó, á gbé ẹyin méjì tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀, á gùn gíláàsì lọ, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, á tún padà wá gbé òmíràn. Ẹyin náà mọ́ roro, ó kéré ju ọkà bàbà lọ. Ẹ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí ààmì dúdú kan tó ń mì nínú rẹ̀.

Àwọn òbí á jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ fi ìka yí wọn kúrò, ẹ gbé wọn sínú abọ́ tó ní omi táńkì kan náà àti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Èyí tó bá funfun bí òwú ti kú, ẹ yọ ọ́ kó má ran àwọn yòókù. Ọjọ́ 3 sí 6 ni wọ́n ń pa. Ẹ má bọ́ wọn ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ wà nínú ikùn wọn.

Pleco mi ti ju táńkì lọ. Ṣé mo lè lọ dà á sínú odò?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Pleco ti di ìyọnu nínú omi àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Éṣíà àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó sú ti ń jù ú sí: ó ń gbẹ́ ihò sí etí odò títí ilẹ̀ fi ń ya, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹja onílẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì wa níbí ni Odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ohun tí a bá dà sí omi níbí yóò bá omi lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wá ẹni tí táńkì rẹ̀ tóbi, ẹ bá àwọn tó ń tà á dúnàádúrà pé kí wọ́n gbà á padà, tàbí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wọn táńkì yín.